Òkú Tó Ń Mí

Èmi ni òkú àkọ́kọ́ tí Casimir Dombek pa.
Ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ bébà tilẹ̀kùn ní Erie,
tí bàbá mi ń jókòó sí kíṣìnnì lọ́sàn-án gangan
bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò ní í wá.
Caz yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ya fídíò ìgbéyàwó,
ó ní òun á dá a padà ní ọjọ́ Ajé.
Ọjọ́ Ajé wo? Kò sọ.

Ẹ̀jẹ̀ wa: omi ṣúgà àgbàdo, aró pupa ìgò méjì,
kòkó lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ kí ó lè dúdú bí òótọ́.
Bronia, ìyá rẹ̀, ló rò ó nínú ìkòkò ọbẹ̀.
Ó tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ ló kù.

"Dùbúlẹ̀ síbẹ̀," ni Caz wí, ó nawọ́ sí yìnyín.
"Má mí."
Mo dùbúlẹ̀. Adágún ti dì gbagidi lẹ́yìn mi,
afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gé etí bí abẹ tuntun.
Mo ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, mo tún un kà,
kò sẹ́ni tó ní ó tó.
Bátìrì ti kú kí èmi tó kú tán.

Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wá wò ó ní gbọ̀ngàn Sẹ́ńtì Stanislaus,
àti ajá kan. Ajá nìkan ló sá.
Fadá dìde láàárín eré, ó wa ẹ̀wù mọ́ra,
ó ní, "Casimir, ta ló ṣe ọ́?"
Caz rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kó wà lára pósítà.

Ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ lóòótọ́.
Ó kó téèpù sí búùtù ọkọ̀, ó gba Cleveland, ó gba Buffalo,
omi ilé epo ló fi ń bọ́jú.
Bronia ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì lórí tábìlì oúnjẹ,
àwọn kan wọ́, àwọn kan dorí kodò;
títí dòní, àwọn tó dorí kodò ló wọ́n jù.

Ibẹ̀ ni òwò gbà wọlé, bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń wọgbà.
Ọmọkùnrin kan láti Toledo ní, "Bá mi ta tèmi náà."
Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan tó ń fi ìwo màlúù ṣe iwin.
Caz gba yàrá lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà, ó gba akọ̀wé,
ó di ọ̀gá kí ó tó mọ̀.
Ẹ̀rù tó ń bà wá lálẹ́ di ẹrù lọ́sàn-án:
wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń dì í, wọ́n ń lẹ sítáǹpù mọ́ ọn.
Nígbà tí ayé téèpù tán, kò sọkún.
Ó gbé iwin rẹ̀ gorí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ sanwó lóṣooṣù.
Ọdún mọ́kàndínlógún rèé
tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má mí.

Ní oṣù kejì, agbẹjọ́rò rẹ̀ pè mí.
Ilé-iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ ra fíìmù àkọ́kọ́ yẹn,
kò sì sí ìwé tó fi hàn pé mo gbà láti kú.
Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ. Ọ́fíìsì onígíláàsì.
Ojú mi, ọmọ ogún ọdún, gba odidi ògiri kan.
Caz ti pá lórí. Ó dì mọ́ mi, ó ń wo aago.

Ọmọdé kan nídìí kọ̀ǹpútà ní, "Màmá, ẹ wò ó,
èéfín ń jáde lẹ́nu yín. Ẹ ń mí.
Mo lè pa á rẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì."
Caz wò ó. Ó wò ó pẹ́, ó gbàgbé aago.
Èéfín kékeré, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò díẹ̀.
"Ṣé òtútù mú ọ lọ́jọ́ yẹn?" ó bi mí.
Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò bi mí rí.
Mo ní, "Casimir, ta ló ṣe ọ́?"
Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní kí ọmọ náà fi èéfín sílẹ̀.

Níbi tí ìwé ti béèrè ipa tí mo kó,
mo kọ ọ́: òkú tó ń mí.
Agbẹjọ́rò ní "òkú" nìkan ti tó, kí n fa ìyókù rẹ́.
Mi ò fà á.